Ọwọ́ ẹ̀ dáa, ẹnu ẹ̀ ni ò dákẹ́
Iṣẹ́ ara wíwọ́ lèmi náà ń ṣe jẹun, n kì í tètè yin ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wọ́ mi lánàá mọ iṣẹ́. Kó tó fọwọ́ kàn mí ló ti bi mí bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra òróró títí ó fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tó dé ẹ̀bá ọrùn, níbi tí iṣan ti dì bíi kókó okùn, kò fipá tẹ̀ ẹ́: ó gbé àtàǹpàkò lé e, ó dúró kí n mí jáde, ó wá rọra tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kò fọwọ́ kan egungun ẹ̀yìn rárá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì ló gbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹ̀. Oorun ti ń gbé mi lọ, ó ní ṣé mo ti lọ́kọ! Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ìkánjú ló fi ṣe é. Màá padà lọ ṣá.