Ojú lọ̀rọ̀ wà: àyẹ̀wò ojú fóònù lábẹ́ oòrùn Àjàṣẹ́

Ní ọjà Ouando, ní aago méjì ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń bèèrè fóònù tó rẹwà jù. Bọ́tìnì tí wọn yóò fi san owó MoMo kí oní-zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà, tó fajú ro ni wọ́n ń wá. Ibẹ̀ la ti ń mọ ojú fóònù tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń dán. Gíláàsì tó máa ń fọ́ kọ́ là ń pè ní ojú fóònù o. Bí wọ́n ṣe to bọ́tìnì, àmì, àwọ̀ àti lẹ́tà sórí rẹ̀ ni.

Èyí tó ń fa awuyewuye jù lásìkò yìí ni Liquid Glass, ojú fóònù tuntun tí Apple gbé jáde pẹ̀lú iOS 26, ètò tó ń darí iPhone, ní oṣù kẹsàn-án 2025. Láti iPhone 11 sókè ló ń gbà á. iPhone XR àti XS kò sí nínú rẹ̀. Bọ́tìnì àti mẹ́nù rẹ̀ dà bíi gíláàsì tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn wọn sì ń hàn. Nínú yàrá, ó wu ojú, a ò ní purọ́. Níta, wàhálà dé. Ìlànà tó wà fún lẹ́tà kékeré ni pé kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi 4.5 sí 1 yàtọ̀ síra, ó kéré tán. Oòrùn a máa da ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lé méjèèjì, ìyàtọ̀ náà á sì rọ̀. Lẹ́tà dúdú lórí funfun lè fara dà á. Lẹ́tà funfun lórí gíláàsì, tí fọ́tò aṣọ léèsì funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, kò lè fara dà á láé. Ó tún ń jẹ iná: gbogbo ìgbà tí ohun tó wà lẹ́yìn bá ṣípò ni fóònù ń tún gíláàsì náà yà.

Àtúnṣe wà. Ẹ wọ «Réglages», «Luminosité et affichage», lẹ́yìn náà «Liquid Glass». Láti iOS 26.1 ni yíyàn méjì ti wà níbẹ̀, ẹ mú èyí tó nípọn. Bí kò bá tó, ẹ lọ sí «Accessibilité», «Affichage et taille du texte», kí ẹ tan «Réduire la transparence» àti «Augmenter le contraste». Ẹ wá fi àwòrán aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo sẹ́yìn. Ohun tó kù lẹ́yìn èyí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ gíláàsì mọ́, àmọ́ ó ṣeé kà.

Àwọn kan ní kí Apple padà síbi tó wà kí iOS 7 tó dé ní 2013, nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ inú fóònù jọ bébà aláwọ̀ ìyeyè, tí ibi ìkówèésí sì jọ pákó. Pákó yẹn kọ́ ló wúlò. Ààlà bọ́tìnì àti òjìji abẹ́ rẹ̀ ló wúlò, torí ẹni tí kò gbọ́ èdè Faransé dáadáa á mọ̀ pé ohun tó yọ sókè ló ṣeé tẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ di pẹlẹbẹ, ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù lásán di bọ́tìnì, àfi ẹni tó bá lè kà á ló máa mọ̀.

Google dúró sáàárín. Material Design, ìlànà ojú fóònù rẹ̀ tó dé ní 2014, mú ojú náà bíi bébà tí wọ́n tò léra, tó ní òjìji díẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni kí ibi tí ìka yóò tẹ̀ tó 48 dp (ìwọ̀n tí Android fi ń wọn ohun orí ojú fóònù), ìyẹn bíi mílímítà 9. Ìka ìyá aláta kò ní ṣì í tẹ̀. Èyí ni a fara mọ́ jù. Ohun tí a kò fẹ́ ni ti Android 12, láti 2021, tí àwọ̀ bọ́tìnì ń tẹ̀ lé àwòrán ẹ̀yìn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ fún ìyá yín ní Kétu lórí ìpè pé kó tẹ bọ́tìnì búlúù, nígbà tó jẹ́ pé tirẹ̀ ti di àwọ̀ ewé!

HiOS, ojú fóònù Tecno, àti XOS, ti Infinix, jókòó lórí Android kan náà, wọ́n wá kó ọ̀ṣọ́ tiwọn lé e. Bí mẹ́mórì kò bá ju gígà 2 tàbí 3 lọ, ijó tí àwọn fèrèsé ń jó ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Nínú «À propos du téléphone», ẹ tẹ ìlà «Numéro de build» lẹ́ẹ̀méje, «Options pour les développeurs» á yọ. Ìlà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Échelle» wà níbẹ̀: ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di 0,5x, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ sì dá bọ́tìnì mẹ́ta ìsàlẹ̀ padà dípò ìka fífà, pàápàá bí ìbòrí rọ́bà fóònù yín bá nípọn létí. Etí yẹn ni kì í jẹ́ kí ìka dé ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń gbà láti ibi tẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi pa ojú fóònù dà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ɛ àti ɔ tí a fi ń kọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, àpótí òfìfo ló máa ń jáde. «Ẹ́» àti «ọ́» kò tilẹ̀ ní ààyè kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò, àmì òkè ni wọ́n ń tò lé lẹ́tà lórí, ìdí nìyẹn tí àmì náà fi máa ń fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà tí fóònù bá wá láti ilé ló dáa jù.

Ti kọ̀ǹpútà kò gùn. Windows 11 kó àmì ìsàlẹ̀ sáàárín, wọ́n sì ń sún kúrò nípò bí ẹ bá ṣe ń ṣí nǹkan sí i. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún eku tẹ ọ̀pá ìsàlẹ̀ náà, ẹ wọ «Paramètres de la barre des tâches», kí ẹ dá wọn padà sí «Gauche». Bọ́tìnì «Démarrer» á padà sí igun, igun sì ni eku ń bá láìwò.