Wọ́n ń kàwé sí mi létí: ohun tí ojú mi rí lórí afárá Májídùn

Tí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá Májídùn lóṣù tó kọjá, mi ò bá má kọ nǹkan kan. Inú BRT ni mo wà, mò ń bọ̀ láti Balógun, àpò léṣì wà lórí itan mi. Àwọn danfó ti wọ ojú ọ̀nà wa, kò sẹ́ni tó ń lọ. Mò ń gbọ́ ìwé ìtàn kan lórí áàpù tí wọ́n ti ń kàwé síni létí, tí mo ń sanwó fún lóṣooṣù. Ìyálé inú ìtàn náà fẹ́ jẹ́wọ́. Orí kẹrìnlá nìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń dúró dè é. Ó ní, "Ẹni tó gbé ọmọ náà..." Ló bá pa lọ́lọ́. Wọ́n ní kí n sanwó kí n tó gbọ́ ìyókù. Èmi tí mo san ₦2,500 láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Ẹ má sọ fún mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o, mo ti gbé ìwé náà sórí fóònù láti ilé, wákàtí mọ́kànlá, ó lé ní 300 MB. Mo tún san ₦2,500 mìíràn níbẹ̀ nítorí ìyálé. Owó lọ, ìyálé ò fọhùn.

Mo kọ̀wé sí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnì kejì ní kí n fi àwòrán álẹ́ẹ̀tì báńkì ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ẹnì kẹta ní kí n fi àwòrán álẹ́ẹ̀tì báńkì ránṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọkùnrin kan pè mí. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ní, "Ọmọ mi, tí mo bá gbowó aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ oníbàárà, ṣé wàá tún bá ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó?" Ó ní, "Rárá, mà." Ó bi mí pé ibo ló ti dákẹ́. Mo ní ibi tí ìyálé ti fẹ́ jẹ́wọ́. Ó pariwo: "Yéè! Mà, ẹ má sọ ọ́ fún mi o, orí kẹsàn-án ni èmi wà!" Ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu. Ó ṣe nǹkan kan lọ́dọ̀ tiwọn, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ohùn ìyálé ṣe jáde báyìí, ọmọkùnrin náà ò dágbére, ó ti gé ìpè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn nǹkan yìí. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ìwọ̀nba tó kù ni mo fi ń wá ihò abẹ́rẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti ṣí ìwé gbẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tíṣà ni, ní gbígbọ́ kì í ṣe kíkà. Mo ní kó lọ sọ ìyẹn fún àwọn sójà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní fọ́ lójú. Tìtorí irú wọn ni wọ́n fi ń ka ìwé sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1935.

Obìnrin tó ń kà á mọṣẹ́. Ohùn ìyálé yàtọ̀ sí ti ìyàwó kékeré, ó tún máa ń bá bàbá arúgbó wúkọ́. Ẹ lè mú un yára dé 1.25 tó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ lẹ ń rán. Tó bá dé ọrùn aṣọ, ẹ dá a padà o! Ẹsẹ̀ mi máa ń bá a sáré lórí máṣíìnì, bùbá kan ti tibẹ̀ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fún un ní ìwé tí kò ní àmì ohùn, Ọlọ́run ló máa bi í. Ìyàwó kékeré gbé ọkọ́ lé èjìká lọ sóko. Ohun tí a gbọ́ ni pé ó gbé ọkọ lé èjìká. Kí á tó mí, ó ti fi ọkọ kọ ogún ebè! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín débi pé ó rán apá ọ̀tún sí òsì, a sì ń tú u títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwé Yorùbá tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni owó mi lò kó tó padà, ₦2,450 ló sì wọlé. Ta ló jẹ ₦50?

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san ti oṣù yìí, mo sì ti san ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn.