Wáìnì Kan fún Gbogbo Ayé, Jákẹ́ẹ̀tì Kan fún Ẹnì Kan: Àgbéyẹ̀wò Mondovino àti Le Daim

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè èwo ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò nínú fíìmù méjèèjì yìí, Mondovino ni mo máa ní kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi Le Daim kádìí ìrọ̀lẹ́ náà, nítorí pé ti àkọ́kọ́ gba sùúrù, èkejì kò sì ju ìṣẹ́jú 77 lọ. Mo gbádùn àwọn méjèèjì.

Jonathan Nossiter, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Mondovino, fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi lórí iṣẹ́ wáìnì, tí ó jáde ní ọdún 2004, tí ó sì wọ ìdíje gbòógì ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún náà. Kì í ṣe fíìmù tí yóò kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fún èso àjàrà títí tí yóò fi di wáìnì. Ìjà tí ó wà láàárín àwọn tí ń ṣe é ni ó gbé kalẹ̀. Michel Rolland, olùdámọ̀ràn àwọn tí ń ṣe wáìnì láti agbègbè Bordeaux ní Faransé, jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, dírẹ́bà ń wà á kiri, ó ń rẹ́rìn-ín, ìmọ̀ràn kan náà ni ó sì ń fún oníbàárà kan tẹ̀ lé òmíràn: kí wọ́n máa fẹ́ ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ sínú wáìnì wọn kí ó lè tètè rọ̀ lẹ́nu. Robert Parker, aṣelámèyítọ́ wáìnì, wà ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ó ń fún wáìnì ní máàkì lórí 100, àwọn tí ń tà á sì ń wo ojú rẹ̀. Ohun tí ń bí Nossiter nínú ni pé àwọn àgbẹ̀ kan ti ń ṣe wáìnì wọn kí ó lè bá ẹnu ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn Parker, mu, kí ó ki, kí ó sì máa ta sánsán òórùn àgbá igi tuntun. Ẹni tí ó bá mọ ẹmu dáadáa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ẹmu oko lágbájá kò dùn bíi ti oko tàmẹ̀dù, kò sì sí ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan náà.

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni ti Aniane, ìlú kékeré kan ní Languedoc, ní gúúsù Faransé, níbi tí ìdílé Mondavi, àwọn oníṣẹ́ wáìnì láti Kalifọ́níà, ti fẹ́ gbin àjàrà sórí ilẹ̀ igbó ìlú. Aimé Guibert, àgbàlagbà tí ó ni oko àjàrà Mas de Daumas Gassac, ta kò wọ́n, àwọn ará ìlú sì yan olórí ìlú tuntun, ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tí òun náà kò fẹ́ ètò náà, ní ọdún 2001. Ni ètò náà bá fọ́ pátápátá. (Ní ọdún tí fíìmù yìí jáde gan-an ni Constellation, ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù ú lọ, ra Mondavi fúnra rẹ̀.) Ní Volnay, ní Faransé kan náà, Hubert de Montille, arúgbó tí ń ṣe wáìnì, ń sọ̀rọ̀ ṣókí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Kámẹ́rà ń gbọ̀n lọ́wọ́ olùdarí, fíìmù náà gùn ju wákàtí méjì lọ, ó sì hàn gbangba ẹ̀yìn ta ni Nossiter wà. Gbogbo ajá tí ó bá kọjá ni ó ń fi kámẹ́rà ya, ìyẹn sì pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní ti Le Daim, fíìmù ìtàn àròsọ tí Quentin Dupieux, ará Faransé, ṣe ní ọdún 2019, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Georges, tí Jean Dujardin ṣe, kó owó rẹ̀ lé jákẹ́ẹ̀tì awọ àgbọ̀nrín kan, ó ń bá jákẹ́ẹ̀tì náà sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń dáhùn, títí tí ó fi pinnu pé kò gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn tí yóò wọ jákẹ́ẹ̀tì láyé mọ́. Kò sí òṣèré tí ó ń ṣẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ojú Dujardin ṣe le koko ni ó ń dẹ́rìn-ín pani. Lẹ́yìn Mondovino, níbi tí wọ́n ti fẹ́ kí gbogbo ayé mu ohun kan náà, ọkùnrin tí ó fẹ́ dá wọ ohun tirẹ̀ nìkan yìí tún wá yà mí lẹ́nu gidigidi. Àmọ́ Adèle Haenel, gẹ́gẹ́ bí Denise tí ń ta ọtí nílé ọtí, ni ó jẹ́ kí n wò ó dópin, nítorí pé kò pẹ́ tí a fi rí i pé ọgbọ́n rẹ̀ ju ti Georges lọ. N kò ní sọ bí ó ṣe parí. Ẹ má ṣe bá ọmọdé wò ó, torí pé nígbà tí Georges bá yọ apá fáànù àjà láti fi ṣe ohun ìjà, ẹ̀jẹ̀ ni ó kù.