Oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ dìsáìn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo lọ ṣe IT mi, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, fún oṣù mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ dìsáìn kékeré kan tí kò jìnnà sí Tákíè. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ìyìn nìkan kọ́ ni mo ní fún wọn, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá irú ibẹ̀ yóò rí nǹkan mú lò nínú ohun tí ojú mi rí.

Ohun tó dára jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í sọ akẹ́kọ̀ọ́ di òǹwòran. Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀ ni ọ̀gá wa ti gbé ìwé ètò ìsìnkú olójú-ewé mẹ́jọ lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n sì ní kí n gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ olóògbé fúnra mi. Mo wá fọ́ǹtì kan, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, tó lẹ́wà gan-an, mo tẹ “Ẹ̀kọ́ Kíkà” sí i, àfi bí àpótí òfìfo ṣe jókòó sí ipò lẹ́tà àkọ́kọ́. Bùrọ̀dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ṣàlàyé pé “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, “è” náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ̀” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé “ẹ” lórí, bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sì pèsè àyè fún un, àmì náà á fò sórí lẹ́tà mìíràn tàbí kí ó di àpótí. Ó fi fọ́ǹtì kan tí ń jẹ́ Charis SIL hàn mí, èyí tó gbé àmì wa dáadáa, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè fọwọ́ ya àmì nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe dìsáìn, nígbà tí oníbàárà bá kọ̀ jálẹ̀ pé fọ́ǹtì ológe lòun fẹ́. “Kọ́kọ́ tẹ ‘ọ̀ṣọ́’ wò,” ni ó máa ń wí, “kí o tó fẹ́ràn rẹ̀.” Ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wa rí.

Wọ́n tún kọ́ mi láti jẹ́ kí àwọ̀ àti àwòrán fi mìlímítà 3 kọjá ojú ibi tí abẹ yóò gbà gé ìwé. Ti àwọ̀ ni mo fi ojú ara mi kọ́. Mo ṣe bánà ìgbéyàwó kan ní RGB, tí í ṣe àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, láì yí i sí CMYK, tí í ṣe yíǹkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Búlúù aṣọ ẹbí tó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà jáde bí aró tó ti ṣá, ìyá ìyàwó sì ní àwọn kò gbà á. Wọ́n tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì n kò rí owó ọkọ̀ gbà. Èmi ni mo ṣì í ṣe, mo gbà, síbẹ̀ mo rò pé ó yẹ kí ẹnìkan ti yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò kí ó tó dé orí ẹ̀rọ.

Ti iná ni n kò fẹ́ sọ púpọ̀: bí epo ẹ̀rọ amúnáwá bá tán, a ó jókòó. Ohun tó dùn mí jù ni ti logbook, ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sí. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti gbé SIWES, ètò tí irú IT wa yìí wà lábẹ́ rẹ̀, kalẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ iṣẹ́ gidi; logbook sì wà kí ẹni tó ń kọ́ wa lẹ́nu iṣẹ́ lè máa wo ohun tí a ń kọ́, àmọ́ ọ̀gá wa buwọ́ lu ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà láì ṣí ojú ewé kan kà.

Màá tún lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó ti gbọ́ CorelDRAW díẹ̀, kí ó sì béèrè ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó fi àga lọ̀ ọ́.