Ẹyin adìẹ Marans méjìlá, pọ́ùn 48, àti ogbe tó kó bá mi

Adájọ́ ìdíje adìẹ yẹn ò lò tó ìṣẹ́jú méjì lórí àkùkọ mi. Ó gbé e jáde nínú àgò, ó na apá ẹ̀, ó tú ìyẹ́ ìrù ẹ̀ wò, ó wo etí ẹ̀ bóyá funfun wà níbẹ̀, kò sí, pupa fòò ni, èmi ti ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ló bá fi àtàǹpàkò gbé ogbe ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní "háà". Lẹ́yìn ogbe, lápá ọ̀tún, nǹkan kan yọ síta bí ẹ̀gún, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Sprig ni wọ́n ń pè é, àbùkù ńlá ni lójú adájọ́. Ó kọ nǹkan sí káàdì, ó kọjá sórí adìẹ tó kàn. Ó tán. Adìẹ tí mo fi ṣampú ọmọdé wẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, tí mo fi ẹ̀rọ irun ìyàwó mi gbẹ, tí ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà tó kàn ń wò mí.

Kent ní England ni mò ń gbé, adìẹ mi wà lẹ́yìnkùlé, mo ti forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí òfin ṣe wí láti October 2024, torí adìẹ ẹyọ kan péré náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ọwọ́ màmá òyìnbó kan ni mo ti ra ẹyin, Marans dúdú ọlọ́rùn bàbà, ti Faransé tó máa ń ní ìyẹ́ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ o, kì í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo sọ iye ẹ̀ fún ìyá mi lórí WhatsApp, wọ́n ní ṣé ẹyin yẹn ti lọ yunifásítì ni.

Ẹyin dé, méjì ti fọ́. Mo kọ̀wé, kò sí èsì. Mo gbé mẹ́wàá tó kù kalẹ̀ fún wákàtí 24, ṣóńṣó wọn nísàlẹ̀, kí n tó kó wọn sínú ẹ̀rọ. Èèpo ẹyin yìí dúdú débi pé tọ́ọ̀ṣì ò ràn án, ńṣe ni mò ń wò bí ẹni ń wo inú kànga lóru. Ọjọ́ kọkànlélógún, méje pa. Akọ mẹ́rin, abo mẹ́ta.

Ibi tí màmá yìí ti dáa nìyí, mi ò ní purọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n á sì pè mí padà, nígbà míì aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èyí ní ìyẹ́ funfun nínú ìrù, yọ ọ́. Èyí, ọrùn ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ, bàbà là ń wá. Èyí, àyà ẹ̀ pupa jù, dúdú ló yẹ kó jẹ́ kí bàbà kàn ta sí i díẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan, wọ́n ní "Èyí ni kó o mú lọ." Àwọn mẹ́ta yòókù wọ ọbẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe pè wọ́n látinú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n mú u o!" Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ: "Ẹyin ni mo tà fún ẹ, mi ò ta ife-ẹ̀yẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Wọ́n wá ní kí n tún fọ́tò yẹn wò. Mo tú u wò, mẹ́rìnlá ni, apá òsì ni gbogbo wọn, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ ilé adìẹ. Kò sí èyí tó fi apá ọ̀tún hàn. Adìẹ bà lókùn. Èmi ò lè sọ̀rọ̀, àwọn náà ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí ẹni tó mọ adìẹ tó báyẹn má béèrè apá kejì láti January?

Ní ọjọ́ kejì, aago méje àárọ̀, wọ́n pè. Wọ́n ti lọ gbé ogbe bàbá àkùkọ mi wò. Ojú àpá wà níbẹ̀, ó ti jinná, ó ń dán. Ẹni tó tà á fún wọn ti fi sísọ́ọ̀sì gé tiẹ̀ kúrò, ó dákẹ́. Ohùn wọn ò jáde dáadáa. Wọ́n ní irú nǹkan yìí máa ń wà nínú ìran, àwọn ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn abo, àwọn sì ti ń pe gbogbo ẹni tó ra ẹyin lọ́dún yìí lọ́kọ̀ọ̀kan látinú ìwé, èmi ni ẹnì kẹrin. Mo kàn ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo pàdánù o!

Àwọn abo mẹ́ta náà ti ń yé báyìí. Ní òṣùwọ̀n tí àwọn Faransé fi ń wo bí èèpo ẹyin ṣe dúdú tó, tó lọ láti 1 dé 9, tí 4 jẹ́ èyí tó kéré jù tí wọ́n gbà, ẹyin mi bọ́ sí 6. Ìyẹn kì í ṣe ṣeréṣeré. Tó o bá fi ìka tútù ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó máa fara hàn lọ́wọ́ ẹ, torí ìgbẹ̀yìn ni àwọ̀ ń wọ ara èèpo. Ìyá mi rí fọ́tò, wọ́n ní ṣé obì ni.

Àkùkọ yẹn ṣì wà. Ó ń kọ láago mẹ́rin ààbọ̀, aládùúgbò ti kọ̀wé.

Mo fún màmá yẹn ní ìràwọ̀ 2 nínú 5. Títí di òní, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ẹyin méjì tó fọ́. Mo ti san owó méjìlá míì fún February.