Thonny: ohun èlò Python tó ń tú àṣírí fáríébù

Ẹni tó bá ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Kubwa tàbí Lugbe l'Abuja, tó ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Banex, Thonny ni kó kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀. Yunifásítì Tartu ní Estonia ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, Python sì ti wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé e wọlé tán, ẹ ò nílò dátà kẹ́ ẹ tó máa lò ó.

Ibi tó ti dára jù ni ọ̀rọ̀ fáríébù, ìyẹn orúkọ tí a fi ń pe nǹkan nínú Python. Ẹ lọ sí View, ẹ tẹ Variables, kẹ́ ẹ tẹ Heap mọ́ ọn. Ẹ wá kọ èyí:

ọjà_wuse = [1200, 850, 400]
ọjà_nyanya = ọjà_wuse
ọjà_nyanya.append(300)

Python 3 gba ọ àti à nínú orúkọ fáríébù, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù láti fi Yorùbá kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé list (àkójọ) méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti F5 pa pọ̀, kẹ́ ẹ wá máa fi F6 tẹ̀ síwájú ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa rí i pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ló wà níwájú orúkọ méjèèjì. List kan ṣoṣo ni, orúkọ méjì ló ń jẹ́. 300 tí ẹ fi kún ti Nyanya ti wọ ti Wuse nìyẹn. Kí list náà lè di méjì, ẹ tún ìlà kejì kọ báyìí: ọjà_nyanya = ọjà_wuse.copy(). Tí list mìíràn bá wà nínú list náà, copy() ò ní kan ti inú, copy.deepcopy ló ń ṣe ìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ import copy sókè.

Àṣìṣe ti input, àṣẹ tó ń gba ohun tí èèyàn bá tẹ̀, náà wọ́pọ̀. Ohunkóhun tí input bá gbà, ọ̀rọ̀ ló máa kà á sí. Ẹ tẹ 500, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 500500500 ló máa já sí. Ẹ pa Heap, nínú Variables, ẹ máa rí '500' láàárín àmì àyọlò: ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. int(input()), tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ló ń tún un ṣe, àmọ́ ẹni tó bá tẹ 1,500 bí a ṣe ń kọ owó yóò rí àṣìṣe tó ń jẹ́ ValueError nítorí kọ́mà. Ẹ fi .replace(",", "") yọ kọ́mà náà kí int tó kàn án.

Yíyọ nǹkan kúrò nínú list tí for, àṣẹ tó ń ka ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣì ń kà lọ́wọ́ náà máa ń hàn dáadáa: ẹ máa fojú rí ẹyọ tí for fò kọjá. List tuntun ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ó ní àléébù o. Tí for bá gùn, Ctrl àti F5 máa ń falẹ̀ gan-an. Nínú Run, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ faster sí. Bákan náà, àfikún bíi pandas tí ẹ ti gbé sínú Python mìíràn lórí kọ̀ǹpútà yẹn, Thonny ò ní rí i. Inú Tools, ní Manage packages, lẹ ti máa gbé e wọlé, ìyẹn sì máa jẹ dátà.