Àwọn tí Mo Gbà láti Tọ́jú Koríko àti Igi Òdòdó Ilé Mi Nígbà Òtútù

Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, lórí ilẹ̀ amọ̀ tí ó máa ń le gbagidi bí oòrùn oṣù Kẹjọ bá ti pa á. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, mo bá ilé iṣẹ́ kékeré kan ní àdúgbò wa ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa tọ́jú koríko àti igi òdòdó iwájú ilé mi títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ koríko wọn dára gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n já mi kulẹ̀ níbi igi òdòdó.

Fescue ni koríko mi, irú èyí tí ara rẹ̀ máa ń yá nígbà tí ooru bá rọlẹ̀. Kí wọ́n tó fọ́n irúgbìn tuntun, wọ́n ti ẹ̀rọ kan kọjá lórí ilẹ̀ náà, èyí tí ó ń lu ihò, tí ó sì ń fa amọ̀ jáde ní ìṣù-ìṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́ mi, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè ráyè dé ìdí gbòǹgbò. Mo fẹ́ gbá wọn dànù, ọ̀gá wọn ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé òjò yóò tú wọn padà sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí irúgbìn náà fi hù.

Ohun tí ó mú mi gbẹ́kẹ̀ lé wọn ni pé nígbà tí mo ní kí wọ́n tún da ajílẹ̀ sí i láàárín oṣù Kejìlá, wọ́n kọ owó mi. Òfin Maryland kò gba onílé láyè láti da ajílẹ̀ sórí koríko láti ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, àwọn tí ó fi iṣẹ́ náà jẹun pàápàá kò sì gbọ́dọ̀ ṣe é kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, nítorí pé koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà nínú òtútù, òjò yóò sì gbá ajílẹ̀ náà lọ sínú omi Chesapeake.

Azalea mi, igi òdòdó kúkúrú tó wà níwájú ilé, ni ó dùn mí. Nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, wọ́n gé orí gbogbo wọn ní róbótó. Mo ṣa ẹ̀ka kan nílẹ̀, mo fi èékánná la ṣóńṣó rẹ̀, mo sì rí òdòdó ọdún tí ń bọ̀ nínú rẹ̀, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Láti ìgbà ooru ni azalea ti máa ń di òdòdó rẹ̀ sínú; kété tí ó bá ti tanná tán ni a ń gé e. Ìparí oṣù Kẹrin dé, iwájú ilé àwọn aládùúgbò pupa fòò, tèmi dúró pẹ̀lú ewé lásán. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì dá owó iṣẹ́ ọjọ́ náà padà.

N kò ní fi ti boxwood, igi kékeré tí kì í wọ́wé nígbà òtútù, dù wọ́n. Wọ́n bomi rin ín dáadáa kí ilẹ̀ tó dì, wọ́n sì fi aṣọ àpò, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń di kòkó, yí i ká nítorí afẹ́fẹ́ tí ń fa omi ara ewé gbẹ nígbà tí gbòǹgbò kò rí omi mu. Ọ̀kan kò kú.

Mo ti tún gbà wọ́n fún ọdún yìí. Mo kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan azalea. Èmi fúnra mi ni n ó gé e, bí ó bá ti tanná tán.